Obìnrin Tí A La Àyà Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò máa jókòó ṣe, ẹ má wulẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo tan òun jẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo sì lò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ orúnkún mi. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, iṣẹ́ yìí náà ni mo máa ṣe, kìkì bàtà tí wọ́n fún wa ni mo máa bá wọn jà lé lórí.

Àwọn ọmọbìnrin méjì kan nínú ìjọ wa níbí ní Mowé ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dáa?" Ìdáhùn rẹ̀ kọjá ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró, ni mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọmọ Ìfọ̀ ni mí, Fọláṣadé lorúkọ mi. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mo parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ìwé ẹ̀rí ni ilé-ẹ̀kọ́ fún mi, Mátírọ̀n ló sọ mí di nọ́ọ̀sì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Mátírọ̀n, ohùn wọn kò ga, síbẹ̀ bí a bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa la máa dìde. Wọ́n á dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní, "Fọláṣadé, báwo ni àwọ̀ ètè aláìsàn yìí ṣe rí láàárọ̀?" Bí o bá fi lè gbójú sí inú ìwé kí o tó dáhùn, o ti gbé e. "Mi ò ní kí o kàwé fún mi. Èèyàn ni mo ní kí o wò." Bẹ́ẹ̀dì kan wà tí wọ́n ní kí n tú tẹ́ lẹ́ẹ̀meje lọ́jọ́ kan, nítorí pé igun aṣọ rẹ̀ kò gún. Mo lọ sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́. Ìgbà tí mo jáde, mo bá mítípáì kan lórí tábìlì mi, ó ṣì gbóná. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Wọn kò dárúkọ mítípáì náà títí di òní, èmi náà ò sì bi wọ́n.

Mátírọ̀n ló kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ọkàn tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ní àyà á máa fún aláìsàn bí ẹni gbé ọlọ lé e, ìrora á sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì, òógùn á bò ó. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, òótọ́ sì ni. Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni mò ń kíyè sí i pé àwọn obìnrin kì í sábà ro ẹjọ́ tiwọn báyẹn. Àyà ń dun àwọn náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń fi ṣáájú. "Nọ́ọ̀sì, ó rẹ̀ mí ni." "Èémí mi ò délẹ̀." "Àárín èjìká mi ló ń dùn mí." "Inú ń rìn mí bíi kí n bì." Àwọn dókítà á fún wọn ní oògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Mo sọ ọ́ fún Mátírọ̀n lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Mà, obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta yẹn, bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ yìí, ó ń ṣe mí bíi pé ọkàn ni."

Mátírọ̀n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni kò rẹ̀? Èmi gan-an, ó rẹ̀ mí. Obìnrin tí kò bá rẹ̀, ọ̀lẹ ni." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ilé ìwòsàn wa, wọ́n fi Mátírọ̀n ṣe olórí wọ́ọ̀dù náà, Mátírọ̀n sì mú mi dání. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó lè yé yín. Ọkàn ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ní iṣan tó ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá dí iṣan yẹn, ọkàn ò ní rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn dókítà á yọ iṣan láti ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n yí ọ̀kan tó wà nínú àyà, wọ́n á rán an kọjá ibi tó dí kí ẹ̀jẹ̀ lè gba àbùjá. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ní láti fi ayùn la egungun àyà sí méjì. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fi wáyà dì í pọ̀, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́ta kí egungun náà tó mọ́ra dáadáa.

Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Àwọn obìnrin tó wá, ẹ̀pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́ kí wọ́n tó dé, ẹ̀jẹ̀ ríru lápá kan, ìtọ̀ ṣúgà lápá kejì. Iṣan ọkàn wọn tún tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin lọ, ó ṣòroó rán. Iṣan inú àyà yẹn ló máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n ń fi du àwọn obìnrin, tí wọ́n ń lo ti ẹsẹ̀ nìkan fún wọn, nítorí pé ìyẹn rọrùn. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn nígbà tí wọ́n bá dá ọkàn dúró náà ní tirẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ gùn, ó fẹ̀, bíi pé ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Omi tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kún rọ́bà yẹn, bó bá ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ obìnrin kékeré, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi sí nítorí àlejò. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmú á tún máa wọ́ ojú ọgbẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Èmi ni mo lọ bá télọ̀ kan ní Mowé pé kó bá mi rán kọ́mú tó rọ̀, tó ń ṣí níwájú, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ láìgbé apá sókè. Àwọn dókítà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníkọ́mú. Ó dáa náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun èmi gan-an ni ti Ìyá Ramóta.

Ìlú Àgbàdo ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ojú irin, wọ́n ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi lo oògùn ọgbẹ́ inú kí ẹnì kan tó wo ọkàn wọn. Iṣẹ́ abẹ náà lọ déédéé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ojú lásán ni wọ́n fi wọn èjìká mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, yunifọ́ọ̀mù yín yìí ò bá yín mu rárá, màá rán òmíràn fún yín." Èmi ni mo ka ìwé àwọn ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fún wọn: ẹ má gbé ohun tó wúwo, ẹ má ti nǹkan, ẹ má wa ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé wọn padà wá. Egungun àyà ti yà, wáyà ti já, ojú ọgbẹ́ ti kẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀já gbà á mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ará ilé má baà rí i. A sa gbogbo ipá wa. Àìsàn la ń wò, a kì í wo ikú. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n kú.

Mo bi Ramóta ọmọ wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọn ò gbé nǹkan kan. Garawa omi gan-an, èmi ni mò ń gbé e. Àwọn bàbá ilé ọkọ wọn ló wá kí wọn, màámi sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀."

Mo ní, "Àwọn bàbá náà ò ní kí wọ́n má kúnlẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní kí wọ́n má kúnlẹ̀ o." Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí mi ò gbédè rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ pé kí ìyàwó má kúnlẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó bóyá á kúnlẹ̀."

Ṣé ẹ rí i, ọkùnrin tó bá ṣàìsàn, ìjókòó ló ti ń kí gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa bínú. Obìnrin ni yóò fi àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì kúnlẹ̀, kí wọ́n má baà ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo kúnlẹ̀ kí Mátírọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó ṣe jẹ́ tí n kò rántí?

Mátírọ̀n pè mí wọ ọ́fíìsì. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Wọ́n ní, "Mú ìwé tí o kà fún un wá." Wọ́n kà á tán. "Ìkúnlẹ̀ dà níbí?"

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti dà á kọ, mà."

Mátírọ̀n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Òyìnbó kì í kúnlẹ̀," ni wọ́n wí. "Lọ tún un kọ."

Mo tún un kọ. Mo fi ìkúnlẹ̀ sí ipò kìíní, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Àbí ẹ rò pé ó ṣiṣẹ́? Rárá o! Àwọn obìnrin á ní "a ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì", wọ́n á délé, wọ́n á kúnlẹ̀. Ta ni nọ́ọ̀sì lójú ìyá ọkọ? Ìgbà tí bàbá arúgbó kan wá mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sílé ni ojú mi là. Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì wọ́ọ̀dù, bàbá náà sì na ọ̀pá sí i, wọ́n ní, "Dúró bẹ́ẹ̀! Mo ti dá ọ sílẹ̀." Obìnrin náà dúró ṣinṣin. Mo ní, háà, Fọláṣadé, ìwọ ń kọ ìwé, ẹnu àgbà ni oògùn rẹ̀ wà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí obìnrin kankan lọ sílé láìjẹ́ pé àgbà ilé ọkọ rẹ̀ wá. Màá fi wọ́n jókòó, màá ṣàlàyé wáyà àti egungun fún wọn, màá wá ní kí ẹni tó dàgbà jù fi ẹnu ara rẹ̀ dá a sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Àwọn kan ń ráhùn pé ṣé nọ́ọ̀sì ló máa kọ́ àwọn ní àṣà. Mátírọ̀n á yọ sí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Kò sí obìnrin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lójú mi tó padà wá pẹ̀lú àyà tó yà nítorí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé, tí èèyàn méjì ń gbé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ti di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan mú. Àwọn dókítà ń fi awò sójú láti rán iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó pẹ́ títí, ẹ̀rọ tuntun dé, rọ́bà rẹ̀ kúrú, omi tó ń gbà kò tó nǹkan. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Mátírọ̀n ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, wọ́n ti kọ́lé sí Ìbafò. Láti Mowé, mi ò kì í jẹ́ kí Sátidé méjì kọjá kí n tó yà kí wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde láti bu omi fún mi, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ilé ìdáná, wọ́n di àgbọ̀n mú.

Mo ní, "Mà, kí ló ṣe yín?"

"Eyín ni. Wọ́n ti yọ méjì, kò lọ. Mo fẹ́ lọ yọ ẹ̀kẹta."

"Ìgbà wo ló máa ń dùn yín?"

"Bí mo bá ń rìn. Bí mo bá ti jókòó, á lọ."

Mo ní, "Mà, eyín wo ló ń dunni nígbà tí a bá ń rìn, tó ń sinmi nígbà tí a bá jókòó?"

Mátírọ̀n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ó máa ń rẹ̀ mí pẹ̀lú. Mo rò pé ọjọ́ orí ni."

Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn ló ń fa ìrora àgbọ̀n náà, iṣan rẹ̀ mẹ́ta ló ti dí. Iṣẹ́ abẹ ni, kò sí ọ̀nà míì. Mátírọ̀n kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde, kí èmi nìkan dúró.

"Fọláṣadé, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Mo mọ ohun tí ojú àwọn obìnrin ń rí lórí tábìlì yẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi ò ní wáyà láyà, mo lè kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, ohun tí ojú wọn ń rí nígbà yẹn kọ́ ni ti ìsinsìnyí. A mọ ẹ̀rọ tó bá yín mu. A mọ iṣan tí a máa lò. A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tún ìwé yẹn kọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún un kọ fún gbogbo ayé, kí ẹ̀yin nìkan má jẹ nínú rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ta ló máa là mí?"

Dókítà obìnrin kan ni, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, kì í kánjú. Mo bẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ dúró kí n parí ọ̀rọ̀: ó ní iṣan inú àyà lòun máa lò, bó ti wù kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó kù oṣù márùn-ún kí n fẹ̀yìn tì. Mo dúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ yẹn fún wákàtí márùn-ún, mò ń wo ẹ̀jẹ̀ Mátírọ̀n nínú rọ́bà kúkúrú yẹn. Ó pọ́n. Ó pọ́n dáadáa, kò dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi sí. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, tí ọkàn náà gbọn, tó tún gbọn, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀, mo pariwo "Ọlọ́run ò!" Dókítà ní kí n dákẹ́, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ni Mátírọ̀n lajú dáadáa. Rọ́bà tí wọ́n fi ń mí ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n ṣe àmì pé kí n mú bírò wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ béèrè omi. Wọ́n kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ: "Ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí?"

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sílé, mo ránṣẹ́ sí Ìfọ̀, sí ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn àgbà, ìyá tó ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Èèyàn méjì ló di ìyá náà mú wá. Ẹ wá wo Mátírọ̀n wa, ẹni tó mọ òfin yìí ju gbogbo ayé lọ! Kí ìyá náà tó dé ẹnu ọ̀nà tán, Mátírọ̀n ti ń yọ́ kúrò lórí àga, ọwọ́ wọn ti ń wá ilẹ̀. Mo jágbe, "Mátírọ̀n! Ẹ jókòó!"

Mi ò jágbe mọ́ wọn rí láyé mi. Mátírọ̀n wò mí, ojú àtijọ́ yẹn gan-an, mo sì mọ̀ pé mo ti kú. Wọ́n wá rọra fi ìdí lé àga padà. "Ó ṣeun," ni wọ́n wí.

Ìyá Ìfọ̀ gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, láti òní títí oṣù mẹ́ta, a dá ọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá ní o rí òun fín, kó wá bá mi ní Ìfọ̀." Ṣe ni Mátírọ̀n sunkún bí ọmọdé, èmi náà sì bá wọn sun ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ kìíní, láti àga dé gééètì. Oṣù kejì, dé ẹnu títì. Ẹnu yà mí: eyín kò dùn wọ́n mọ́. Wọn ò dúró di àgbọ̀n mú lójú ọ̀nà mọ́.

Lóṣù kẹfà, èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, àwọn tó ń lọ fún ìsìn àìsùn ní ibùdó ìjọ ti ń kún ojú títì márosẹ̀. Mátírọ̀n ní àwọn fẹ́ ra nǹkan ní òdìkejì. Mo ní kí a wọ ọkọ̀. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kọjú sí afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ, bàtà wọn ń dún kò-kò-kò. Mo sáré tẹ̀ lé wọn kí n lè gbá wọn mú bí wọ́n bá fẹ́ ṣubú. Nígbà tí mo fi dé àárín, wọ́n ti dé òkè pátápátá. Wọ́n fara ti irin, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀, èémí wọn rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Èmi ni mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo di ẹ̀gbẹ́ mú, mò ń mí gúlegúle.

Mátírọ̀n bojú wẹ̀yìn. Wọ́n wo ètè mi, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n tún wo ètè mi. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Fọláṣadé, láti ìgbà wo ló ti ń rẹ̀ ọ́ báyìí?"

Mo ní, "Mà, ọjọ́ orí ni."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, wọ́n fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n sì ka bí ọkàn mi ṣe ń lù fún odindi ìṣẹ́jú kan láàárín èrò. Ní ọjọ́ Ajé, Mátírọ̀n ló mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ru díẹ̀, wọ́n fún mi lóògùn, mò ń lò ó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dáa, ẹ lọ wo ìyá yín dáadáa ná, kí ẹ bi wọ́n pé láti ìgbà wo ló ti ń rẹ̀ wọ́n.